Jíhádì: Ìpìlẹ̀ Ọ̀rọ̀ náà àti Ẹni Tó Láṣẹ Láti Pè É

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni jíhádì. Lẹ́tà mẹ́ta, j, h àti d, ló so ó ró, ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń sọ ni kí ènìyàn sa gbogbo ipá rẹ̀ lórí nǹkan, kó làkàkà títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Láti ara ìpìlẹ̀ yìí kan náà ni ìjítíhádì ti jáde, ìyẹn làkàkà onímọ̀ òfin tó jókòó ti ìwé kó lè rí ìdájọ́ fún ọ̀rọ̀ tí Àlùkùránì kò dárúkọ. Mùjáhídì ni ẹni tó ń ṣe jíhádì, mùjítáhídì ni ẹni tó ń ṣe ìjítíhádì. Idà lè wà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, gègé ló wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, síbẹ̀ làkàkà ni èdè fi ń pe iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Ogun gan-an ní orúkọ tirẹ̀ nínú èdè Lárúbáwá. Harb ni ogun, qital ni ìjà tí ẹ̀mí ti ń ṣòfò, ghazw sì ni kí àwọn jagunjagun ṣígun lọ kó ìlú ẹlòmíràn lẹ́rú, kí wọ́n kó o lẹ́rù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí Àlùkùránì fi ọ̀rọ̀ "mímọ́" kún. "Ogun mímọ́" tí àwọn ìwé ilẹ̀ Yúróòpù máa ń fi túmọ̀ jíhádì, láti orí ogun tiwọn ni wọ́n ti ṣí fìlà náà, tí wọ́n fi dé jíhádì lórí.

Bóyá ogun ni jíhádì àbí kì í ṣe ogun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé ìbéèrè mìíràn ló ti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ta ló láṣẹ láti pè é, ta ni wọ́n lè pè é lé lórí, kí ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ bí Mùsùlùmí bá pè é sí Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ọdún 610 ni ìṣípayá bẹ̀rẹ̀ sí í dé bá Ànábì Muhammad ní Mọ́kà. Fún nǹkan bí ọdún 12, òun àti àwọn tó tẹ̀lé e kò ní ọmọ ogun, wọn kò sì yọ idà sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ jíhádì ti wà nínú ohun tí wọ́n ń kà. Ẹsẹ 52 nínú súrà Al-Furqan pa á láṣẹ fún Ànábì pé kó bá àwọn aláìgbàgbọ́ ṣe jíhádì ńlá, àwọn onítúmọ̀ sì sọ pé Àlùkùránì fúnra rẹ̀ ni ó máa fi ṣe é. Kò sí ohun ìjà níbẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Èyí tó yani lẹ́nu jù wà nínú súrà Al-Ankabut àti súrà Luqman. Níbẹ̀, àwọn òbí tó ń bọ òrìṣà ni Àlùkùránì lo ọ̀rọ̀ ìṣe yìí fún: àwọn ni wọ́n ń fi gbogbo agbára wọn fa ọmọ tó ti gba Ìsìláàmù kó lè padà sídìí ohun tí wọ́n ń bọ. Ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́ tiwọn nínú èyí, ṣùgbọ́n súrà Luqman fi kún un pé kó máa bá wọn gbé pẹ̀lú ìwà tútù. Ẹni tó bá sọ pé ti Mùsùlùmí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí pé ogun nìkan ló jẹ́, kò tíì ka ẹsẹ méjèèjì yìí dáadáa.

Ní ọdún 622, Ànábì ṣe híjírà, ìyẹn ìṣíkúrò nílùú ẹni, lọ sí Mẹ̀dínà, ibẹ̀ sì ni àyè ìjà ti ṣí sílẹ̀. Ẹsẹ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àkọ́kọ́ nínú ìyọ̀ǹda yìí ni ẹsẹ 39 nínú súrà Al-Hajj. Àwọn tí wọ́n ń gbógun tì ni wọ́n fún láyè láti jà, nítorí pé wọ́n ti jẹ wọ́n níyà, wọ́n sì ti lé wọn kúrò nílé wọn. Ẹsẹ tó tẹ̀lé e ka ilé àwọn mọ́ńkì, ṣọ́ọ̀ṣì àti sínágọ́gù pọ̀ mọ́ mọ́sálásí nígbà tó ń dárúkọ àwọn ilé ìjọsìn tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ìparun. Àwọn tó ń fi Àlùkùránì pe ènìyàn sógun kì í sábà ka ẹsẹ náà débẹ̀, àwọn tó ń fi í bú Mùsùlùmí náà kì í kà á débẹ̀.

Ogun Badri wáyé ní 624, níbi tí Mùsùlùmí bí 300 ti dojú kọ ará Mọ́kà bí 1,000. Ti Uhud tẹ̀lé e ní 625, ti Khandaq ní 627, àdéhùn àlàáfíà Hudaybiyya sì wáyé ní 628. Mọ́kà bọ́ sọ́wọ́ Ànábì ní 630, ẹ̀jẹ̀ tó sì ta sílẹ̀ nígbà náà kò tó nǹkan. Níbi tí Àlùkùránì bá ti so jíhádì mọ́ dúkìá àti ẹ̀mí, dúkìá ló sábà máa ń ṣáájú. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìjọba kò ní ilé ìkóhun-ìjà-sí nígbà náà. Ẹni tó ń lọ sógun ló ń wá ohun tí yóò gùn, ìhámọ́ra rẹ̀ àti oúnjẹ ọ̀nà. Súrà At-Tawba mẹ́nu ba àwọn kan tó fẹ́ lọ, àmọ́ tí Ànábì kò rí ohun tí wọ́n máa gùn fún wọn, tí wọ́n sì fi omijé padà sílé. Inú súrà yìí náà ni ẹsẹ 5 àti ẹsẹ 29 wà, àwọn ẹsẹ tó le jù lórí ìjà pẹ̀lú àwọn abọ̀rìṣà àti àwọn oní-ìwé. Nígbà tí ayé Ànábì ń lọ sópin ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé wọ́n ti fagi lé àwọn ẹsẹ onísùúrù tó ṣáájú wọn. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ nípa àwọn tó da àdéhùn ni, pé ẹsẹ kò lè fagi lé ẹsẹ tó ní ìdí tirẹ̀. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tó kù ti ṣẹ̀.

Hàdíìsì, ìyẹn ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, ló tún fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú. Ọkùnrin kan wá gbàyè lọ́dọ̀ Ànábì láti lọ sí jíhádì. Ànábì bi í bóyá àwọn òbí rẹ̀ wà láyé. Nígbà tó ní wọ́n wà, Ànábì dá a padà pé kó lọ ṣe jíhádì tirẹ̀ lórí ìtọ́jú wọn. Inú àkójọ Bukhari àti ti Muslim ni ìtàn náà wà. Aisha, ìyàwó Ànábì, béèrè ti àwọn obìnrin, èsì tó gbà sì ni pé Hájì tó gún régé ni jíhádì tó dára jù. Abu Dawud àti Tirmidhi gba òmíràn sílẹ̀ tó gbé ẹni tó sọ òdodo lójú ọba aláṣejù sí ipò jíhádì tó ga jù lọ.

Èyí tí àwọn àlùfáà fẹ́ràn jù nínú wáàsí, pàápàá nínú ààwẹ̀, ni ti jíhádì kékeré àti jíhádì ńlá: pé Ànábì ń ti ojú ogun bọ̀, ó sì sọ pé àwọn kúrò nínú èyí tó kéré, ó ku èyí tó tóbi, ìyẹn ìjà pẹ̀lú ìfẹ́kùfẹ́ẹ̀ ọkàn. Hàdíìsì yìí kò sí nínú àkójọ 6 tí àwọn Súnnì gbára lé jù. Al-Bayhaqi tó gbà á sílẹ̀ sọ pé àwọn tó ròyìn rẹ̀ kò ṣe é fọkàn tán tó, Ibn Taymiyya sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n èrò tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́. Àwọn súfí ti ń kọ́ni ní ìjà pẹ̀lú ọkàn láti ìgbà láéláé, Al-Ghazali tó kú ní 1111 sì fi ojú ìwé rẹpẹtẹ ṣàlàyé rẹ̀. Nítorí náà kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn ará òde òní tó ń tijú ogun ló hùmọ̀ rẹ̀. Kò sì tọ́ kí wọ́n sọ pé òun ni ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ òfin ní lọ́kàn. Bí ènìyàn bá ṣí ìwé òfin àtijọ́ sí Orí Jíhádì, ọ̀rọ̀ ogun, ìkógun, ẹlẹ́wọ̀n àti àdéhùn ni yóò bá níbẹ̀.

Àwọn ìwé òfin yìí jáde nígbà tí ilẹ̀ Mùsùlùmí ti gbòòrò. Ànábì kú ní 632. Nígbà tó fi máa di 711, àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí ti dé ilẹ̀ Spéènì. Ìwé tó dá lé jíhádì tó pẹ́ jù nínú àwọn tó ṣì wà títí di òní ni ti Abd Allah ibn al-Mubarak, oníṣòwò àti onímọ̀ hàdíìsì tó kú ní 797, tóun fúnra rẹ̀ máa ń lọ jà ní ẹnubodè àwọn ará Róòmù Ìlà-oòrùn. Al-Shaybani tó kú ní 805 kọ òfin bí ìjọba Mùsùlùmí yóò ṣe máa bá àwọn ìjọba mìíràn lò, Al-Shafi'i tó kú ní 820 sì fẹ ẹ lójú. Àwọn onímọ̀ òfin yìí ni wọ́n pín ayé sí ilẹ̀ Ìsìláàmù àti ilẹ̀ ogun, ìpín tí kò sí nínú Àlùkùránì. Àwọn kan fi ilẹ̀ àdéhùn ṣe ìkẹta, nítorí pé ayé kò rí bí ìwé ṣe là á.

Òfin wọn kò dẹ̀, àmọ́ ó ní ààlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àwọn ọ̀tá sí ẹ̀sìn tàbí sí sísan owó orí kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ pa obìnrin, ọmọdé, arúgbó àti mọ́ńkì tó fara mọ́ ilé ìjọsìn rẹ̀. Bí àwọn tó pọ̀ tó bá ti lọ, ó bọ́ lọ́rùn àwọn tó kù. Àyàfi bí ọ̀tá bá wọ ìlú ni ó tó di ọ̀ranyàn fún olúkúlùkù. Lórí gbogbo rẹ̀, olórí Mùsùlùmí ni í pe jíhádì tí wọ́n fi ń lọ bá ènìyàn nílé rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan tínú bí. Àwọn Ṣíà onímámù 12 tilẹ̀ mú èyí le sí i: nígbà tí Ìmáàmù wọn kejìlá ti fara pa mọ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ wọn àtijọ́ sọ pé irú jíhádì bẹ́ẹ̀ ti dúró títí yóò fi padà dé, pé ìdáàbòbò nìkan ló kù. Ibn Rushd, adájọ́ ilẹ̀ Spéènì tó kú ní 1198, to ìyàtọ̀ àwọn onímọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sójú kan. Ẹni tó bá ka orí náà yóò rí i pé ohùn wọn kì í sábà ṣọ̀kan lórí kúlẹ̀kúlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sùn fún ìgbà pípẹ́ ní Síríà kí àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù tó dé. Póòpù Urban Kejì pe ogun ní Clermont ní 1095, wọ́n sì gba Jerúsálẹ́mù ní 1099. Àwọn ajagun náà kò tíì ní orúkọ pàtó fún ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìrìn-àjò ìjọsìn ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń rán àgbélébùú mọ́ aṣọ wọn. Láti ara àgbélébùú yìí ni wọ́n ti wá fa orúkọ ogun náà, kúrúsédì, yọ lẹ́yìn-ò-rẹ̀yìn. Ní 1105, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ al-Sulami bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé rẹ̀ lórí jíhádì fún àwọn ènìyàn ní Damásíkù. Ẹ̀sùn tó fi kan àwọn Mùsùlùmí ju èyí tó fi kan àwọn ajagun lọ: àwọn ọba wọn ń bá ara wọn jà, wọ́n pa ojúṣe tì, ìdí nìyẹn tí àlejò fi gba ilẹ̀. Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà kò pọ̀. Nǹkan bí 80 ọdún lẹ́yìn náà ni Saladin, ọba Mùsùlùmí, ṣẹ́gun ní Hattin, tó sì gba Jerúsálẹ́mù padà ní 1187, lẹ́yìn tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi ogun so àwọn ìlú Mùsùlùmí pọ̀ sábẹ́ ara rẹ̀.

Orúkọ ogun méjèèjì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti Kristẹni rọ̀ débi pé ní Nàìjíríà, kúrúsédì ni wọ́n ń pe ìsọjí gbangba, pẹ̀lú gbohùngbohùn, àga oníke àti pátákó ìkéde lójú títì. Kò sẹ́ni tó ń ronú Jerúsálẹ́mù nígbà tó bá ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí kan ò jọ ìkejì. Ní oṣù October 1991, nígbà tí wọ́n ń múra kúrúsédì oníwàásù ará Jámánì nì, Reinhard Bonnke, ní Kano, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú. Ààrẹ George W. Bush náà lo ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù September 2001 nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìjà pẹ̀lú àwọn apániláyà. Kíá ni àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní láti máa tún un ṣe.

Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn tí kò tíì tì títí di òní ni Ibn Taymiyya, onímọ̀ ará Damásíkù tó gbé ayé láti 1263 sí 1328. Àwọn Mọ̀ngóòlù tó ń gbógun ti Síríà nígbà ayé rẹ̀ ti gba Ìsìláàmù. Ghazan, ọba wọn, gba ẹ̀sìn náà ní 1295. Àwọn ọmọ ogun ìlú wá ń béèrè bóyá ó tọ́ láti bá ẹni tó ń kírun jà. Èsì Ibn Taymiyya ni pé ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí, tó sì ń fi òfin àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣèjọba dípò Sàríà, wọ́n lè bá a jà. Ohun tó ń dojú kọ ní tirẹ̀ ni ọmọ ogun tó wà lẹ́nu odi. Àwọn tó yá fátíwà náà, ìyẹn ìdájọ́ tó fún wọn, lò lẹ́yìn-ò-rẹ̀yìn, ọba ìlú tiwọn ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dé Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà. Al-Maghili, onímọ̀ láti Àríwá Áfíríkà, dáhùn àwọn ìbéèrè Askia Muhammad ti Songhay ní ìparí sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọba tó bá ń da ìbọ̀rìṣà pọ̀ mọ́ Ìsìláàmù yẹ fún jíhádì. Ahmad Baba ti Timbuktu kọ ìwé ní 1615 lórí ẹni tó tọ́ àti ẹni tí kò tọ́ láti kó lẹ́rú, ó sì ka Yorùbá mọ́ àwọn ènìyàn tí kò tíì gba Ìsìláàmù. Ìwé rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dárúkọ Yorùbá, orí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n lè fi ogun kó sì ni orúkọ náà ti jáde.

Usman dan Fodio, tí wọ́n bí ní 1754 ní ilẹ̀ Gobir, ti ń wàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé ó gbé idà. Ní 1794, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ìran tí Abd al-Qadir al-Jilani, àgbà súfí Bàgídádì, ti fi idà òtítọ́ há òun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọdún 10 sì kọjá lẹ́yìn ìran náà kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ìjà tó wà láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ àti Yunfa, ọba Gobir, ló lé e kúrò ní Degel lọ sí Gudu ní oṣù February 1804. Ó pe ìrìn náà ní híjírà, àwọn ènìyàn rẹ̀ fi í jẹ olórí àwọn onígbàgbọ́, jíhádì sì bẹ̀rẹ̀. Èyí kò ṣèèṣì. Òfin sọ pé olórí ló ń pe jíhádì, nítorí náà wọ́n ní láti kọ́kọ́ jẹ́ ìlú tó ní olórí. Alkalawa, olú-ìlú Gobir, ṣubú ní 1808. Bayan Wujub al-Hijra tó kọ ní 1806 ṣe àlàyé òfin gbogbo ohun tó ṣe, láti orí ìdí tí híjírà fi di dandan títí dé orí bí wọ́n ṣe máa pín ìkógun.

Ọ̀ràn Borno ni wọ́n ti rí ìdánwò tó le jù. Nígbà yẹn, àwọn ọba Borno ti jẹ́ Mùsùlùmí fún nǹkan bí 700 ọdún. Nígbà tí àwọn Fúlàní kọ lu ìlú náà ní 1808, Muhammad al-Kanemi, onímọ̀ tó gbèjà Borno, kọ lẹ́tà sí àwọn olórí jíhádì náà, ó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi jíhádì jà pẹ̀lú àwọn tó ń kírun, tó ń gba ààwẹ̀, tó ń yọ sàká. Ó gbà pé ìwà àìtọ́ wà ní Borno, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kò sọ ènìyàn di kèfèrí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìlú Mùsùlùmí kan tí yóò ṣẹ́ kù. Muhammad Bello, ọmọ Usman, dáhùn pé ọba Borno ti ran àwọn ọba Háúsá lọ́wọ́ sí àwọn, pé ìrúbọ ìdí igi àti àpáta wà nílùú rẹ̀. Bello fúnra rẹ̀ kó lẹ́tà àwọn méjèèjì sínú ìwé rẹ̀, Infaq al-Maysur, ìdí nìyẹn tí àwọn òǹkàwé òde òní fi lè gbọ́ ẹnu al-Kanemi. Lójú ẹni tó bá kà wọ́n láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, al-Kanemi ló mọ ẹjọ́ rò jù. Abdullahi, àbúrò Usman, náà ti rí ohun tó ń bà á lọ́kàn jẹ́: ní 1807, ó fi ojú ogun sílẹ̀ nítorí pé ìkógun ló ń wu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó dorí kọ Mọ́kà, Kano ló sì já sí.

Bí ogun yìí ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá kò bá ìwé òfin kankan mu. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló ń bá Ọ̀yọ́ jà, òun ló sì pe Álímì, àlùfáà Fúlàní, sí Ìlọrin kó fi àdúrà àti tírà ti òun lẹ́yìn. Àwọn ẹrú Háúsá sá fún olówó wọn wá bá wọn láti nǹkan bí 1817, àwọn Yorùbá Mùsùlùmí kóra jọ sí Òkè Súnà lábẹ́ Ṣọ̀lágbèrú. Jàmáà ni wọ́n ń pe àwọn jagunjagun yìí, ìkógun àwọn kan nínú wọn sì le débi pé Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ fẹ́ tú wọn ká. Wọ́n ṣáájú rẹ̀. Wọ́n pa á láàárín 1823 sí 1824, Abdulsalami ọmọ Álímì gba àsíá Sokoto, olú-ìlú jíhádì Usman, ó sì di Ẹ́míà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pa Ṣọ̀lágbèrú náà, Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ògbólógbòó. Ẹni tó bá pe gbogbo èyí ní jíhádì gbọ́dọ̀ wá àyè fún ikú rẹ̀ nínú ìtàn náà. Ẹni tó bá sì pè é ní ogun Fúlàní pẹ̀lú Yorùbá gbọ́dọ̀ wá àyè fún Balógun Ajíkobì àti Balógun Àlànámú, àwọn ìdílé Yorùbá tó ń ṣáájú ogun Ìlọrin. Ìbàdàn ló dá wọn dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840.

Ìdàrúdàpọ̀ ìgbà yìí ló kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lẹ́rú dé Bàháyà ní ilẹ̀ Bràsíl. Ní òru tó mọ́ 25 January 1835, nínú ààwẹ̀, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti ra ara wọn padà dìde ní ìlú Salvador. Iye wọn tó nǹkan bí 600, Nàgó, ìyẹn Yorùbá, ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pe Mùsùlùmí níbẹ̀, láti inú ìmàle. Àwọn ọlọ́pàá bá ìwé tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ, tí wọ́n ká sínú tírà, lára àwọn tó kú. Nǹkan bí 70 ọlọ̀tẹ̀ ló kú, wọ́n yìnbọn pa 4 ní oṣù May, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Nina Rodrigues tó kọ́kọ́ kọ̀wé lórí rẹ̀ gbà pé ẹ̀ka jíhádì Sokoto ló ta dé òkè òkun. João José Reis, tó ka ìwé ẹjọ́ àwọn tí wọ́n mú, kò gbà bẹ́ẹ̀: àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí wà nínú wọn, ohun tí wọ́n ń jà sí jù sì ni ìgbèkùn tó ká wọn mọ́. Ẹ̀rí Reis ló lágbára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé òru ààwẹ̀ náà kàn bọ́ sí i lásán.

Ní oṣù November 1914, ìjọba Ọ́tómánì pe jíhádì ní Istanbul sí Bìrìtìkó, Faransé àti Rọ́ṣíà, Jámánì ló sì ń tì í lẹ́yìn. Kò sí ìgbà tí ẹni tó pè é tún tóbi tó bẹ́ẹ̀, nítorí káálífà, arọ́pò Ànábì, ni. Kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Àwọn Ẹ́míà Àríwá Nàìjíríà dúró ti Bìrìtìkó, Ṣárífù Mọ́kà fúnra rẹ̀ sì dìde sí Ọ́tómánì ní 1916. Wọ́n fòpin sí ipò káálífà ní 1924. Láti ìgbà náà, kò sí olórí kan ṣoṣo tí òfin àtijọ́ lè tọ́ka sí, oníkálukú sì ń na ọwọ́ mú ọ̀rọ̀ náà. Bourguiba, Ààrẹ Tùnísíà, pe ìjà pẹ̀lú òṣì ní jíhádì ní 1960, ó sì fi í rọ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n má gba ààwẹ̀. Àwọn àlùfáà ìlú rẹ̀ kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Ìráànì, Jíhádì Ìkọ́lé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979 la ọ̀nà, ó sì fa iná mànàmáná dé àwọn abúlé.

Sayyid Qutb ará Íjíbítì, tí wọ́n so kọ́ ní 1966, kọ̀wé pé ìjọba àwọn Mùsùlùmí gan-an ti padà sí àìmọ̀kan ìgbà kí Ìsìláàmù tó dé. Abd al-Salam Faraj, ará Íjíbítì bíi tirẹ̀, lọ ṣíwájú rẹ̀: ó pe jíhádì ní ọ̀ranyàn tí wọ́n ti pa tì, ó gbé fátíwà Ibn Taymiyya lórí àwọn Mọ̀ngóòlù jáde, ó sì fi ìjọba Sadat, Ààrẹ Íjíbítì, sí àyè wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìnbọn pa Sadat ní 6 October 1981. Ní Afghanistan, níbi tí ọmọ ogun Soviet wọ̀ ní 1979, Abdullah Azzam kọ́ni pé ọ̀ranyàn olúkúlùkù ni láti lọ gbèjà ilẹ̀ náà, kò sì dìgbà tí òbí tàbí ọba bá yọ̀ǹda. Ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ń fi ìyìn pe àwọn tó lọ ní mùjáhídì nígbà náà. Kò tó 20 ọdún tí wọ́n fi yí ohùn padà.

Ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn ń pè ní Boko Haram fi jíhádì sínú orúkọ tí wọ́n fún ara wọn, Jama'atu Ahlis Sunna Lidda'awati wal-Jihad, wọ́n sì máa ń fi orúkọ Usman dan Fodio gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń pa ní Borno, ìlú al-Kanemi. Ní oṣù September 2014, àwọn onímọ̀ tó lé ní 120 láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kọ lẹ́tà sí al-Baghdadi, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní káálífà ní Ìráàkì. Wọ́n ní jíhádì tí kò ní ìdí tó tọ́, ète tó tọ́ àti ìlànà tó tọ́ kì í ṣe jíhádì, ìwà ọ̀daràn ni. Sultan Muhammad Sa'ad Abubakar ti Sokoto, àtọmọdọ́mọ Usman dan Fodio, wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i.